Greensboro Wọlé, Greensboro Jáde: Ìtàn Ẹkùn Ìdìbò Kejìlá ní North Carolina

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1997, òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ North Carolina, ẹni tó ń bá àwọn aṣòfin ya máàpù ẹkùn ìdìbò, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí Roy Cooper, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń darí iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ó ní òun ti kó àwọn adúláwọ̀ Greensboro sínú ẹkùn Kejìlá, pé ó wá ku kí òun yọ nǹkan bí 60,000 èèyàn kúrò níbẹ̀, òun sì ń retí ohun tí Cooper bá wí. Ọ̀rọ̀ náà kúrú. Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń jábọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ fún ọ̀gá ẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ń tú ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn wò, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́.

Ẹkùn tí à ń sọ yìí dé iwájú ilé ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ọdún 1993 sí 2017. Ọ̀pọ̀ tó mọ orúkọ ẹ̀, ìrísí ẹ̀ ni wọ́n mọ̀: ẹkùn tó rí bí ejò. Èmi ò rò pé ìrísí ni kókó ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Àwọn èèyàn Greensboro ni mo fẹ́ ká fi ojú tẹ̀ lé, nítorí àwọn ni wọ́n ń kó wọlé tí wọ́n ń kó jáde ní gbogbo ìgbà tí ààlà bá yí, àti ohun tí àwọn tó kó wọn fi ẹnu ara wọn sọ nípa ìdí tí wọ́n fi kó wọn.

Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó 435 ló wà nínú ilé aṣojú-ṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sì fi ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń fa ààlà inú ilé ara ẹ̀. North Carolina ti ní ẹkùn Kejìlá rí, lápá ìwọ̀-oòrùn níbi tí àwọn òkè wà, àmọ́ ó pàdánù ẹ̀ ní 1963. Ìkànìyàn 1990 ló dá nọ́ńbà náà padà. Ìjókòó tuntun dé, ìbéèrè sì dìde pé ta ni yóò jẹ́ tiẹ̀.

Ìbéèrè yẹn wúwo ju bí ó ṣe rí lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará ìpínlẹ̀ náà jẹ́ adúláwọ̀, síbẹ̀ láti 1901, kò sí adúláwọ̀ kankan tó ṣojú North Carolina ní Washington. Ẹni ìkẹyìn ni George Henry White. Nígbà tó ń lọ, àwọn aláwọ̀ funfun tó gba ìjọba ti fi ìbọn lé àwọn adúláwọ̀ kúrò nínú ìṣèjọba Wilmington ní 1898, wọ́n sì ti tún òfin ìpínlẹ̀ ṣe ní 1900, tó fi jẹ́ pé ìdánwò ìwé kíkà àti owó orí ni wọ́n fi ń dí ọ̀nà ìbò mọ́ adúláwọ̀. White dìde ní ilé aṣòfin ní oṣù Kìíní 1901, ó ní ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìdágbére adúláwọ̀ fún ilé náà fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ pé lọ́jọ́ kan yóò tún padà wá. Ìgbà díẹ̀ yẹn di ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò ti 1965 ló yí nǹkan padà. Ó pàṣẹ pé àwọn àgbègbè tó ti ń fi ìyà jẹ olùdìbò adúláwọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ yí òfin ìbò wọn padà láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ tàbí ilé ẹjọ́ kan ní Washington kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Nínú káúntì 100 tó wà ní North Carolina, 40 ni òfin náà dé. Káúntì Guilford, níbi tí ìlú Greensboro wà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Máàpù àkọ́kọ́ tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ gbé jáde ní 1991 ní ẹkùn kan ṣoṣo tí adúláwọ̀ ti pọ̀ jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹkùn kejì ṣeé yà fún adúláwọ̀, wọ́n sì tọ́ka sí ibi tó lè wà: láti àárín gúúsù ìpínlẹ̀ lọ sí gúúsù ìlà-oòrùn.

Níbí ni oríta àkọ́kọ́ wà, lójú tèmi òun ló sì bí gbogbo ìyókù. Àwọn aṣòfin gbà láti ya ẹkùn kejì, àmọ́ wọn ò yà á síbi tí wọ́n tọ́ka sí. Ẹgbẹ́ Democrat ló ní ilé ìgbìmọ̀ nígbà náà, àwọn aláwọ̀ funfun ọmọ ẹgbẹ́ wọn sì ti wà lórí àga ní apá gúúsù ìlà-oòrùn ọ̀hún. Bí wọ́n bá kó adúláwọ̀ kúrò lábẹ́ àwọn wọ̀nyí, àga wọn yóò mì. Wọ́n bá gbé ẹkùn tuntun lọ sí àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọ̀nà márosẹ̀ I-85, láti Gastonia lẹ́bàá Charlotte títí dé Durham, nǹkan bí 160 máìlì. Wọ́n ń ṣà àdúgbò adúláwọ̀ ní ìlú kan, wọ́n á tẹ̀ lé ọ̀nà lọ sí ìlú kejì, wọ́n á tún ṣà. Ibẹ̀ ni Greensboro ti wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹkùn náà kò fẹ̀ ju ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Ní káúntì kan, awakọ̀ tó ń lọ sí àríwá wà nínú ẹkùn kan, èyí tó ń lọ sí gúúsù wà nínú òmíràn. Ní káúntì tó kàn, wọ́n á ti pààrọ̀ ẹkùn fún ara wọn láìsí ẹni tó kúrò lójú títì. Ibì kan wà tó jẹ́ pé orí àmì kan ṣoṣo, bí igun tábìlì mẹ́rin tó fẹnu kanra, ni ẹkùn náà fi so pọ̀. Káúntì 10 ló gbà kọjá, ó sì gé márùn-ún nínú wọn sí ọ̀nà mẹ́ta mẹ́ta. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kan sọ pé bí èèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò méjèèjì sílẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ẹkùn náà ni yóò pa.

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, ó ṣe é. Ní oṣù Kọkànlá 1992, Mel Watt, agbẹjọ́rò ọmọ Charlotte, wọlé ní ẹkùn Kejìlá, Eva Clayton sì wọlé ní ẹkùn Kìíní lápá ìlà-oòrùn. Ọ̀rọ̀ tí White sọ ní 1901 ṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹkùn yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìrísí ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí èyí.

Kí ìdìbò yẹn tó wáyé gan-an ni ẹjọ́ ti dé. Àwọn aláwọ̀ funfun márùn-ún láti káúntì Durham ló pè é, pé ìjọba ń pín olùdìbò ní àwọ̀ ara. Ní oṣù Kẹfà 1993, nínú ẹjọ́ Shaw v. Reno, adájọ́ 5 lòdì sí 4 gbà pé ẹ̀sùn wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Adájọ́ Sandra Day O'Connor ló kọ ìdájọ́ náà. Ohun tó sọ ni pé bí ìrísí ẹkùn kan bá ṣàjèjì débi pé kò sí ohun mìíràn tó lè ṣàlàyé ẹ̀ ju àwọ̀ ara lọ, ìjọba gbọ́dọ̀ wá sọ ìdí tó lágbára. Ẹjọ́ padà sí ìsàlẹ̀, wọ́n dá ìpínlẹ̀ láre níbẹ̀, ó tún gòkè. Ní oṣù Kẹfà 1996, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fọ́ ẹkùn náà, 5 sí 4 náà ni.

Ìdí tí wọ́n fi fọ́ ọ ni mo fẹ́ kí amòfin tó ń ka èyí dúró lé lórí. Ìpínlẹ̀ ní òfin 1965 ló sọ ọ́ di dandan fún àwọn láti ya ẹkùn adúláwọ̀. Olórí àwọn adájọ́, William Rehnquist, fèsì pé bí òfin bá tilẹ̀ béèrè fún irú ẹkùn bẹ́ẹ̀, ibi tí adúláwọ̀ ti ń gbé pọ̀ sójú kan ló yẹ kí ó wà. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní gúúsù ìlà-oòrùn, kò sí bí ẹkùn tí wọ́n yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ I-85 ṣe fẹ́ wo egbò ẹ̀ sàn. Ìyẹn ni pé ibi tí wọ́n sá fún ní 1992 kí àga àwọn èèyàn wọn má baà mì, ibẹ̀ gan-an ni ààbò òfin wà. Nígbà tí wọ́n nílò ààbò náà, wọn ò sí níbẹ̀.

Ní 1997 ni wọ́n tún un yà, ibẹ̀ sì ni ímeèlì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti wáyé. Nǹkan ti yí padà ní ilé ìgbìmọ̀: Democrat ló ní ilé sẹ́nétọ̀, Republican ló ní ilé kejì. Kò sẹ́ni tó lè dá ya máàpù. Wọ́n ṣàdéhùn pé bí ìjókòó ṣe wà tẹ́lẹ̀, 6 fún ẹgbẹ́ kan, 6 fún èkejì, bẹ́ẹ̀ ni kí ó wà. Ẹkùn Kejìlá kúrú sí i, ó pàdánù Durham, ó dín sí káúntì 6, adúláwọ̀ inú ẹ̀ sì wá sí ìsàlẹ̀ ìdajì. Greensboro ṣì wà nínú ẹ̀.

Wọ́n tún pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù Kẹrin 1998, ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ fọ́ máàpù náà láì gbọ́ ẹlẹ́rìí, ìdìbò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ni wọ́n bá sáré ya òmíràn. Greensboro jáde. Adúláwọ̀ ẹkùn náà wá já sí nǹkan bí 36 nínú 100. Mel Watt ṣì wọlé. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ní 1999 pé ìkánjú ni ti ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀, pé kí wọ́n lọ gbọ́ ẹlẹ́rìí. Wọ́n gbọ́ ẹlẹ́rìí, wọ́n tún fọ́ ọ ní 2000, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dá ìdájọ́ yẹn dúró ná. Ìdìbò 2000 wáyé lórí máàpù 1997. Greensboro wọlé padà.

Ní oṣù Kẹrin 2001, nínú ẹjọ́ Easley v. Cromartie, ìpínlẹ̀ jàre. Ó tún jẹ́ 5 sí 4, O'Connor tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní 1993 sì ti bọ́ sí òdìkejì. Adájọ́ Stephen Breyer ló kọ ọ́. Àlàyé ẹ̀ tọ́ kí oníṣẹ́ ààlà kọ́ dáadáa. Àwọn olùpẹ̀jọ́ ti fi hàn pé àwọn wọ́ọ̀dù kan wà tí aláwọ̀ funfun tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Democrat pọ̀ sí, tí wọn ò kó wọn wọnú ẹkùn, nígbà tí wọ́n kó àwọn wọ́ọ̀dù adúláwọ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wò, kí ló dé tí wọ́n fi àwọn yẹn sílẹ̀? Breyer ní ìforúkọsílẹ̀ ò sọ bí èèyàn ṣe ń dìbò. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun ní ìpínlẹ̀ náà ló ní káàdì Democrat, tó jẹ́ pé Republican ni wọ́n ń dìbò fún lọ́jọ́ ìbò. Láàárín adúláwọ̀, 95 sí 97 nínú 100 ló ń dìbò fún Democrat. Ẹni tó bá ń wá ìbò Democrat tó dájú, ìbò adúláwọ̀ náà ni yóò máa bá pàdé. Nítorí náà, máàpù kan náà lè jẹ́ iṣẹ́ òṣèlú, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ àwọ̀ ara. Olùpẹ̀jọ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìpínlẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà rí ohun tó ń wá nínú òṣèlú, láì pín èèyàn ní àwọ̀. Ímeèlì ńkọ́? Breyer ní lóòótọ́ ó fi hàn pé wọ́n ro ọ̀rọ̀ àwọ̀, àmọ́ kò fi hàn pé òun ló borí.

Bí gbogbo ènìyàn ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Fún ọdún mẹ́wàá, ẹkùn náà wà láti Charlotte dé Greensboro, Watt sì ń wọlé lọ ní tiẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adúláwọ̀ tó tó ìdìbò níbẹ̀ kò tó ìdajì.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Republican gba ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì nínú ìdìbò 2010. Sẹ́nétọ̀ Robert Rucho àti aṣojú David Lewis ló darí iṣẹ́ ààlà ọdún 2011, wọ́n sì gba Thomas Hofeller láti ya máàpù. Ìkànìyàn ti fi hàn pé 733,499 èèyàn ló yẹ kí ó wà nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ẹkùn Kejìlá fi 2,847 péré ju iye yẹn lọ. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá fi ọwọ́ kan etí ẹ̀ díẹ̀, ó tó. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣe tán, adúláwọ̀ tó tó ìdìbò nínú ẹ̀ ti fi nǹkan bí 35,000 lé sí i, aláwọ̀ funfun tó tó ìdìbò sì ti fi nǹkan bí 50,000 dín kù. Ìwọ̀n adúláwọ̀ gòkè láti 43.8 sí 50.7 nínú 100. Orí àti ìdí ejò ọ̀hún fẹ̀ sí i, ikùn ẹ̀ sì tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀. Apá Greensboro wà lára ibi tí wọ́n ti fẹ̀ ẹ́.

Ẹ rí i, ìlànà tí àwọn ti 1992 fi ya ẹkùn náà kí adúláwọ̀ lè rí aṣojú yàn, òun náà ni àwọn ti 2011 wá lò, wọ́n kàn fi kún un ni. Ẹkùn tí adúláwọ̀ ti ń borí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún rọ adúláwọ̀ sí. Ìbò tí a bá kó jọ sójú kan ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí ní ẹkùn tó múlé gbè é mọ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Rucho àti Lewis sọ ní gbangba pé nítorí káúntì Guilford tó wà nínú ẹkùn náà, àwọn ti gbé ìwọ̀n adúláwọ̀ ibẹ̀ ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Hofeller náà sọ pé kí máàpù baà lè yege lábẹ́ òfin 1965 ni wọ́n ṣe pinnu láti kó adúláwọ̀ Guilford pọ̀ sínú ẹkùn Kejìlá. Mel Watt sì jẹ́rìí nílé ẹjọ́ pé Rucho sọ fún òun pé àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ní kí òun gbé ìwọ̀n adúláwọ̀ kọjá 50 nínú 100. Rucho ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀; Watt ni àwọn adájọ́ gbà gbọ́. Nígbà tí ẹjọ́ wá le, agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ sọ pé òṣèlú ni, kì í ṣe àwọ̀, ohun tí ó gbà wọ́n là ní 2001. Kò gbà wọ́n là mọ́.

Ní oṣù Karùn-ún 2017, nínú ẹjọ́ Cooper v. Harris, adájọ́ 5 sí 3 fọ́ ẹkùn Kejìlá ti 2011. Roy Cooper tí ímeèlì 1997 lọ bá ni Cooper inú ẹjọ́ yìí. Ó ti di gómìnà, orúkọ ẹ̀ ni ẹjọ́ sì ń jẹ́. Adájọ́ Samuel Alito tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà béèrè pé níbo ni máàpù mìíràn tí Easley ní kí olùpẹ̀jọ́ mú wá wà? Adájọ́ Elena Kagan tó kọ ìdájọ́ fèsì pé ìgbà tí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn ni èèyàn ń wá irú máàpù bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ya ààlà bá ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ìdí, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi máàpù ṣe? Clarence Thomas, tí kì í sábà bá Kagan lọ nínú irú ẹjọ́ báyìí, wà lẹ́yìn ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 2001 àti 2017 ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn náà. Àwọn ìlú kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ìwé tó wà nínú fáìlì. Agbẹjọ́rò tó bá gba ẹjọ́ ààlà tó sì kọ́kọ́ lọ ń wọn bí ẹkùn ṣe gùn tó, ó ti gba ẹ̀yìn wọlé. Kí ó béèrè fún lẹ́tà, ímeèlì, ìwé ìpàdé àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún oníròyìn. Kí ó béèrè iye èèyàn tó yẹ kí wọ́n yí, kí ó sì fi wé iye tí wọ́n yí gan-an. 2,847 ló pọ̀ jù. Nǹkan bí 85,000 ni àyípadà náà fi kan, bí a bá ro àwọn tó lé àti àwọn tó dín pọ̀. Àlàfo yẹn kì í parọ́. Ẹni tó sì ń ya ààlà, bó bá ní ohun méjì lọ́kàn, kí ó má rò pé èyí tó dára yóò bo èkejì. Òfin 1965 ò bo àwọn ti 1992 tó ń dáàbò bo àga, kò sì bo àwọn ti 2011.

Iṣẹ́ kan wà tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe, ìyẹn ni pé ká tẹ̀ lé àwọn tí ààlà fi sílẹ̀. Ní oṣù Kejì 2016, nígbà tí ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ti fọ́ máàpù 2011, tí wọ́n sì fún ìpínlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, wọ́n kó gbogbo ẹkùn Kejìlá sínú káúntì Mecklenburg, ní Charlotte àti àyíká ẹ̀. Ejò parí. Ẹni tó bá wo máàpù yẹn yóò ní ó dára, ó ṣù pọ̀, ó mọ́ ojú. Lewis tilẹ̀ sọ ní ìpàdé pé òun ń fẹ́ kí máàpù fún Republican ní ìjókòó 10, kí Democrat ní 3, nítorí òun ò rò pé 11 sí 2 ṣeé yà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ ló dárúkọ, kò dárúkọ àwọ̀, ó sì dárúkọ ẹ̀ ní gbangba. Ní oṣù Kẹfà 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Rucho v. Common Cause, 5 sí 4, pé ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ò ní agbára lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alma Adams ló wà lórí àga ẹkùn náà nígbà tí wọ́n yí i. Ó ti kọ́ni fún bí ogójì ọdún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bennett ní Greensboro, ó sì gba àga Watt ní 2014. Ilé ẹ̀ wà ní Greensboro, ẹkùn ẹ̀ sì ti lọ sí Charlotte. Ó kó lọ sí Charlotte.

Àwọn tí kò lè kó lọ ńkọ́? Yunifásítì North Carolina A&T wà ní Greensboro, ilé ẹ̀kọ́ adúláwọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ibẹ̀ lọ jókòó sídìí káńtà oúnjẹ Woolworth ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1960, tí wọ́n kọ̀ láti dìde. Nígbà tí ẹkùn Kejìlá kúrò, máàpù 2016 gbé ààlà tuntun gba àárín ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà kọjá, lójú títì Laurel. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lápá kan ọ̀nà wà ní ẹkùn Kẹfà, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gbé ní òdìkejì wà ní ẹkùn Kẹtàlá, Republican ló sì wà lórí àga méjèèjì. Bí wọ́n bá sọdá títì lọ sí kíláàsì, ẹkùn tí wọ́n wà ti yí padà. Ó di ìparí ọdún 2019, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ti dá máàpù ọ̀hún dúró, kí wọ́n tó ya òmíràn tó kó ọgbà náà pọ̀ sínú ẹkùn kan.